Ọ̀rọ̀ màlúù àti gáàsì ò parí síbi tẹ́ ẹ parí ẹ̀ sí

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn. Mo ka àlàyé tẹ́ ẹ gbé jáde lórí bí màlúù ṣe ń dá kún ooru tó ń mú ayé, mo kà á látòkè délẹ̀, kò sírọ́ nínú ohun tẹ́ ẹ sọ, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ parí ẹ̀ sí ló ń dùn mí tí mo fi ní kí n kọ̀wé sí yín. Ẹni tó bá ka àlàyé yẹn tán á rò pé ọ̀nà méjì péré ló kù fún wa, yálà ká dín màlúù ayé kù tàbí ká máa wòran kí ayé máa gbóná lọ. Ọ̀nà míì wà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí táwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti orílẹ̀-èdè tó ti lé ní 60 ti ń pín iṣẹ́ ìwádìí láàárín ara wọn, lórí bí oko àti ẹran ọ̀sìn ṣe lè máa bọ́ aráyé láìtú gáàsì tó pọ̀ tó báyìí sójú ọ̀run, ó sì ká mi lára pé àwa tá à ń ka ìròyìn lédè Yorùbá kì í sábà gbọ́ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tibi gáàsì yẹn gan-an bẹ̀rẹ̀ ná, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ìdí màlúù ló ti ń jáde. Ẹnu ni o. Màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́, gbogbo ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ ló ní àpò ńlá kan nínú ikùn, òun la mọ̀ sí ṣàkì, ibẹ̀ ni koríko tí wọ́n jẹ ti ń kan, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbébẹ̀ ló sì ń bá wọn fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ torí ẹran fúnra ẹ̀ ò lágbára àtida fọ́nrán koríko. Nídìí iṣẹ́ yẹn ni háídrójìn ti ń jáde, àwọn kòkòrò kan báyìí tí kì í ṣe bakitéríà, áákíà ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn ló ń gba háídrójìn yẹn tí wọ́n ń sọ ọ́ di méténì, ẹran á gùnfẹ̀, ó parí. Ohun tó yẹ kó di ẹran ara tàbí wàrà ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ yẹn o, àdánù ni fún ẹni tó ń sin ẹran pàápàá, kì í ṣe fún ojú ọjọ́ nìkan.

Méténì kì í pẹ́ lókè, bí ọdún 12 ló ń lò, àmọ́ tá a bá fi 20 ọdún wọ̀n ọ́n, agbára tó fi ń mú ooru dání lé ní ìlọ́po 80 ti kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì. Torí náà tá a bá dín in kù lónìí, àwa tá a ṣì wà láyé la máa rí àǹfààní ẹ̀. Nínú gbogbo méténì tí ọwọ́ ọmọ aráyé ń fà, ẹran ọ̀sìn ló ni bí ìdá 32 nínú 100, ìrẹsì tó ń hù nínú omi ló ni bí ìdá 8, bí UNEP, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ṣe ṣírò ẹ̀ lọ́dún 2021 nìyẹn. Gáàsì míì tún wà ńbẹ̀, nitrous oxide lorúkọ ẹ̀, tó ń ti ara ajílẹ̀ náítírójìn àti ìtọ̀ ẹran jáde, ìyẹn ní tiẹ̀ ń lo bí ọgọ́rùn-ún ọdún, tá a bá sì fi ọgọ́rùn-ún ọdún wọ̀n ọ́n, agbára ẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 273 ti kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì.

Ìpàdé ojú ọjọ́ tí wọ́n ṣe ní Copenhagen lóṣù Kejìlá ọdún 2009, ohun tí gbogbo ayé rántí ni pé àdéhùn ńlá tí wọ́n ń retí ò jáde. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni New Zealand ti kó àwọn orílẹ̀-èdè kan jọ láti dá ẹgbẹ́ ìwádìí kan sílẹ̀, Global Research Alliance on Agricultural Greenhouse Gases, GRA ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú, lóṣù Kẹfà ọdún 2011 wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ẹ̀ ní Róòmù. Ìdí tó fi jẹ́ New Zealand ò fara sin, bí ìdajì gbogbo gáàsì tí orílẹ̀-èdè yẹn ń tú sójú ọ̀run ló ń wá látinú iṣẹ́ oko, àgùntàn àti màlúù wàrà ni wọ́n fi ń rówó, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ti ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná pa kí wọ́n ní àwọn ti yanjú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe pín in ni pé New Zealand àti Netherlands ṣáájú níbi ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn, Japan níbi ìrẹsì, Amẹ́ríkà níbi àwọn irè oko yòókù.

Iṣẹ́ kan wà nínú gbogbo ẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, torí òun ló fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá ohun tí orílẹ̀-èdè kan lè dá ṣe. Global Rumen Census ni wọ́n pè é, ọdún 2015 ni èsì ẹ̀ jáde. Wọ́n ní káwọn olùwádìí kárí ayé bu díẹ̀díẹ̀ nínú ohun tó wà nínú ṣàkì ẹran tó wà lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n fi ránṣẹ́, ohun tí wọ́n bù jọ jẹ́ 742, láti ara oríṣi ẹran 32, láti orílẹ̀-èdè 35. Ẹ wò ó, màlúù tó ń jẹ ọkà nínú ilé, àgùntàn orí òkè, ẹfọ̀n, àgbọ̀nrín, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé bakitéríà máa ń yí díẹ̀ bí oúnjẹ ẹran bá ṣe yí, àmọ́ àwọn áákíà tó ń ṣe méténì, ìwọ̀nba díẹ̀ ni oríṣi tó wọ́pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì jọra níbi gbogbo lágbàáyé. Ó yà mí lẹ́nu gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ó túmọ̀ sí pé tí láàbù kan níbì kan bá rí ohun tó lè kápá àwọn áákíà yìí, ìrètí wà pé á ṣiṣẹ́ lára ẹran ibòmíì. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n tún kó àkọsílẹ̀ jíìnì àwọn kòkòrò inú ṣàkì jọ, Hungate1000 lorúkọ ẹ̀, 501 ló wà nínú èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018, wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá fẹ́ kó lọ, irú nǹkan báyìí ló ń mú mi gbà pé àjọṣe yẹn kì í ṣe ti ẹnu lásán.

Ohun tó ti jáde nínú irú ìmọ̀ yìí ò kéré. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní 3-NOP, Bovaer lorúkọ tí wọ́n fi ń tà á, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì ni wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ màlúù kan lójúmọ́, á sì dí áákíà lọ́wọ́ ní ìgbésẹ̀ tó gbẹ̀yìn kí méténì tó jáde, ó ń dín méténì màlúù wàrà kù ní bí ìdá 30 nínú 100, Yúróòpù fọwọ́ sí i lọ́dún 2022, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 2024. Ní Australia àjọ ìwádìí CSIRO pẹ̀lú James Cook University wá gbé ewé òkun kan yọ, Asparagopsis lorúkọ ẹ̀, níbi àwọn ìdánwò kan ó dín méténì kù ju ìdá 80 lọ, ìyẹn pọ̀ o, àmọ́ èròjà bromoform inú ẹ̀ ń kọ àwọn èèyàn lóminú, gbígbìn ín kó pọ̀ tó sì jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Èyí tó wù mí jù lọ ni ti àgùntàn. Àwọn ará New Zealand ṣàkíyèsí pé bá a bá kó àgùntàn jọ kí wọ́n jẹ koríko kan náà, àwọn kan á tú méténì tó kéré sí ti ẹlẹgbẹ́ wọn, ohun tí wọ́n ń bí mọ́ wọn ni, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn tó ń tú díẹ̀ fi ṣe ìyá àti bàbá, lẹ́yìn ìran mẹ́ta ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìran tó ń tú díẹ̀ àti èyí tó ń tú púpọ̀ ti tó bí ìdá 10. Àwọn olùwádìí ní Uruguay, Ireland àti Norway náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àgùntàn tiwọn. Ohun tó jẹ́ kó wù mí ni pé tí ìran ẹran bẹ́ẹ̀ bá ti dúró, kò sóhun tí darandaran tún ń rà lójoojúmọ́, ọmọ tí ẹran ẹ̀ bá bí ló máa gbé e dání.

Ibi tí mò ń lọ gan-an rèé. 3-NOP yẹn, màlúù tó ń jẹun nínú ọpọ́n lójoojúmọ́ ló rọrùn fún jù. Ẹran tó ń rìn kiri jẹko láti àárọ̀ di alẹ́, ta ló máa máa gbé e tẹ̀ lé e kiri? Bẹ́ẹ̀ irú ẹran bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù ní Áfíríkà àti ní apá ibi púpọ̀ ní Éṣíà àti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ìwádìí tó bá jẹ́ pé láàbù àwọn tó lówó nìkan ni wọ́n ti ṣe é, ìṣòro ẹran tó wà níwájú láàbù yẹn ló máa yanjú, kì í ṣe pé wọ́n níkà nínú, ẹran ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n rí wọ̀n.

Wíwọ̀n yìí sì ni gbòǹgbò gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi gbé e yẹ̀ wò. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń kọ ìṣirò gáàsì ẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé. Èyí tí ò bá ní ìwádìí tiẹ̀, ìwé ìlànà IPCC, ìyẹn ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń ṣàlàyé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ojú ọjọ́, gbà á láyè kó lo òǹkà tó ti wà nílẹ̀, Tier 1 ni wọ́n ń pè é, kó ka iye màlúù tó ní, kó fi òǹkà kan tó dúró fún gáàsì màlúù kan sọ ọ́ di ìlọ́po, ó tán. Ó rọrùn lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo ohun tó ń bí. Ká ní orílẹ̀-èdè yẹn tún oúnjẹ ẹran ẹ̀ ṣe, ó gún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára, màlúù ò kú mọ́, wàrà pọ̀ sí i, méténì tó ń bá lítà wàrà kọ̀ọ̀kan rìn wálẹ̀, gbogbo iṣẹ́ yẹn ò ní hàn nínú ìṣirò ẹ̀ rárá torí òǹkà kan ṣoṣo yẹn ò yí padà. Nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, kò sóhun tó lè mú gáàsì wálẹ̀ àfi kí iye màlúù dín kù. Ẹ ṣé ẹ rí i báyìí? Ọ̀nà méjì tó wà nínú àlàyé yín yẹn, apá kan ẹ̀ kì í ṣe òfin ayé, àìní ìwọ̀n ló fà á.

Lọ́dún 2013 FAO, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ oko, sọ pé táwọn tó ń sin ẹran ládùúgbò kan bá ń ṣe bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láàárín wọn, nínú ojú ọjọ́ kan náà, gáàsì tó ń wá látara ẹran ọ̀sìn lè fi bí ìdá 30 nínú 100 dín kù. Kò sí ẹ̀rọ tuntun nínú ìyẹn o, oúnjẹ tó dáa, ìlera, àti kí màlúù má máa pẹ́ kó tó bímọ. Màlúù tó ń jẹun lásán láìfún èèyàn ní wàrà ṣì ń gùnfẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gba iṣẹ́ tó ń lọ ní Kenya bí iṣẹ́ gidi. Ní Nairobi, àjọ ILRI tó ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn ní ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní Mazingira, wọ́n ní yàrá tí wọ́n ń ti màlúù mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n lè wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, wọ́n sì tún ń wọn ohun tó ń jáde lára ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹran lórí pápá. Nígbà tí wọ́n wọn nitrous oxide tó ń ti ibẹ̀ jáde, wọ́n rí i pé ó kéré sí òǹkà inú ìwé, torí oúnjẹ àwọn ẹran yẹn ò ní náítírójìn púpọ̀ nínú bíi ti ẹran Yúróòpù. Ẹ ronú sí ìyẹn wò, ẹ̀bi tí wọ́n ń kọ sọ́rùn àwọn darandaran láti ọdún pípẹ́, apá kan ẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Kenya ti kúrò lórí Tier 1 níbi màlúù wàrà, àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n jọ wà nínú GRA wà lára àwọn tó ràn án lọ́wọ́.

Níbi ìrẹsì, àjọṣe yẹn ti so èso tó hàn kedere. Omi tó dúró lórí oko ń lé ọ́ksíjìn jáde nínú ilẹ̀, ibi tí ò bá ti sí ọ́ksíjìn làwọn áákíà ti ń ṣe méténì. Àjọ IRRI tó ń ṣèwádìí ìrẹsì ní Philippines ló ṣe ìlànà kan jáde, wọ́n á ri páìpù onihò mọ́lẹ̀ nínú oko, wọ́n á jẹ́ kí omi fà títí á fi wọ abẹ́ ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, wọ́n á tún wá fi omi sí i, àfi ìgbà tí ìrẹsì bá ń yọ òdòdó ni wọn kì í jẹ́ kó gbẹ. Olùwádìí Japan, Vietnam, Thailand, Philippines àti Indonesia jọ dán an wò nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní MIRSA-2, méténì dín kù níbẹ̀ dáadáa. Wọ́n tún jọ kọ ìwé bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, bó ṣe yẹ kí àpótí tí wọ́n ń dé mọ́ orí ìrẹsì rí, àti pé bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ló dáa kí wọ́n bu afẹ́fẹ́ torí ìgbà yẹn ló sún mọ́ ìwọ̀n gbogbo ọjọ́ jù. Ó lè dà bíi nǹkan kékeré, àmọ́ tí Hanoi bá wọn tiẹ̀ láàárọ̀, tí Bangkok wọn tiẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kí ni wọ́n fẹ́ fi wéra? Vietnam ti wá dáwọ́ lé e láti fi ìlànà tí ò tú gáàsì púpọ̀ gbin ìrẹsì sórí hẹ́kítà mílíọ̀nù kan ní agbègbè odò Mekong, ọdún 2023 ni ìjọba wọn fọwọ́ sí i.

Ti ajílẹ̀ náà ò gbẹ́yìn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Koríko kan wà, Brachiaria humidicola, Áfíríkà ni orírun ẹ̀, gbòǹgbò ẹ̀ ń tú èròjà kan sílẹ̀ tó ń fa àwọn kòkòrò tó ń sọ náítírójìn di nitrous oxide sẹ́yìn. Àwọn ará Japan láti àjọ ìwádìí oko JIRCAS pẹ̀lú àjọ CIAT tó ń ṣèwádìí oko ní Colombia ló tú àṣírí ẹ̀, lẹ́yìn náà JIRCAS àti CIMMYT, àjọ tó ń ṣèwádìí àgbàdo àti àlìkámà ní Mexico, wá gbé irú agbára yẹn láti ara koríko igbó kan wọnú àlìkámà, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2021.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni owó. GRA ò ní àpò kan táwọn orílẹ̀-èdè jọ ń dáwó sí, oníkálukú ló ń ná owó ara ẹ̀ tó ń mú èsì wá sórí tábìlì. Ó dáa fún ẹni tó ní. Ẹni tí ò ní, ìjókòó ló kù fún un níbẹ̀, á máa gbọ́ ohun táwọn ẹlòmíì rí lára ẹran ẹlòmíì. Wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní CLIFF-GRADS, tó ń fún àwọn tó ń ṣe PhD láti orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè láǹfààní láti lọ kọ́ṣẹ́ nínú láàbù orílẹ̀-èdè míì fún oṣù mélòó kan, mo yìn wọ́n fún ìyẹn tọkàntọkàn, àmọ́ tí ọmọ yẹn bá padà sílé tí kò bá yàrá tí wọ́n ń ti màlúù mọ́, tí kò bá ẹ̀rọ tó ń ka gáàsì, kí ló fẹ́ fi ìmọ̀ yẹn ṣe? Ẹ sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà pa USAID rẹ́, àjọ tí wọ́n fi ń ran àwọn orílẹ̀-èdè míì lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ láàbù Feed the Future tí àjọ yẹn ń náwó lé ní yunifásítì Amẹ́ríkà tí wọ́n ń bá àwọn olùwádìí orílẹ̀-èdè tí ò lówó ṣiṣẹ́ pọ̀, títí kan èyí tó jẹ́ ti ẹran ọ̀sìn, wọ́n ní kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró. Ìwádìí lórí ìran ẹran tàbí ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dá dúró lónìí kí wọ́n tún gbé e lọ́la. Ní ibùdó ìwádìí oko Rothamsted lórílẹ̀-èdè England, ọdún 1843 ni wọ́n ti ń wọn oko kan náà láìdáwọ́ dúró, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ayé mọ bí ilẹ̀ ṣe ń tọ́jú kábọ́ọ̀nù.

Nígbà tí wọ́n pàdé ní Glasgow lọ́dún 2021, àwọn orílẹ̀-èdè ṣèlérí pé àwọn máa dín méténì ayé kù ní ìdá 30 nínú 100 kó tó di 2030 sí bó ṣe wà lọ́dún 2020, orílẹ̀-èdè tó lé ní 150 ló ti fọwọ́ sí i báyìí. Ọdún 2030 ti dé tán. Tí àwọn tó lówó bá fẹ́ kí ìlérí yẹn ṣẹ níbi ẹran ọ̀sìn, kí wọ́n sanwó wíwọ̀n ẹran níbi tẹ́ran pọ̀ sí, kí wọ́n sì san án fún ọdún gígùn, kì í ṣe ọdún méjì mẹ́ta tí ìjọba bá yí padà wọ́n á ní ó tó. Kí èsì ìwádìí tí wọ́n fi owó ìlú ṣe wà ní gbangba bí wọ́n ṣe ṣe Hungate1000. Kí àwọn ìjọba tó ní ẹran púpọ̀ náà má sì jókòó máa retí, kí wọ́n fi àwọn olùwádìí tó mọṣẹ́ ránṣẹ́ sáwọn ìpàdé yẹn dípò àwọn tó kàn lọ ya fọ́tò, kí wọ́n fi owó tiwọn sí i bó ti wù kó kéré mọ, torí ẹni tó bá fowó sílẹ̀ ló máa ń lẹ́nu níbi tí wọ́n ti ń yan ohun tí wọ́n fẹ́ ṣèwádìí lé lórí.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú, mo mọ̀ pé ẹ lè ràn wá lọ́wọ́. Nígbà míì tẹ́nikẹ́ni bá gbé òǹkà wá fún yín pé gáàsì báyìí báyìí ló ń ti ara màlúù ibì kan jáde, ẹ bá wa bi í pé ta ló wọ̀n ọ́n, ibo ló ti wọ̀n ọ́n, ẹran tó wà níbẹ̀ ni àbí ẹran ibòmíì, kẹ́ ẹ sì tẹ ìdáhùn ẹ̀ mọ́ òǹkà yẹn nínú ìwé ìròyìn.

Ẹ ṣé púpọ̀.

Èmi òǹkàwé yín